Ìhà Ibi Tí Balógun Dàda Kó Iyẹ̀pẹ̀ Sí

Ní ọdún 1973, ìròyìn dé Ìdí-Ìyeyè pé ìjọba fẹ́ kọ́ ilé-ìwé girama sí ẹ̀bá ọ̀nà tó ti Igbó-Ọrà lọ sí Ayétẹ̀, àti pé orúkọ akọni àtijọ́ kan ní agbègbè náà ni wọn yóò fi pè é. Ìlú tó bá ní akọni, kó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Ìdí-Ìyeyè ti ní akọni mẹ́rìnlá. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà láàyè, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi ìyeyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olóyè Babáwálé dìde ní ìpàdé ìlú, tó ká apá agbádá rẹ̀ sí èjìká, tó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa," àwọn akọni yòókù padà sínú sàréè wọn, èyí tó wà láàyè náà sì padà sídìí kẹ̀kẹ́.

Olóyè Babáwálé ni olórí ẹbí Dàda. Ó tún wà nínú ìgbìmọ̀ káńsù ní Igbó-Ọrà, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ríṣẹ́ níbẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ wá kí i nílé. Bàbá bàbá rẹ̀, Balógun Dàda, ló jẹ́ olórí ogun ìlú ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí Òyìnbó kò tíì dé, tí ìlú ń kó ìlú lẹ́rú. Òun ló ní kí wọ́n wa yàrà yí Ìdí-Ìyeyè ká, kòtò gbọọrọ tó jìn, pẹ̀lú odi iyẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ọ̀tá má baà rí ọ̀nà wọlé. Ọ̀tá rí ọ̀nà wọlé. Ìlú fọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ẹ̀bi Balógun kọ́. Ẹ̀bi Àkànó ni, ẹni tó ń ṣọ́ bodè, tó dalẹ̀, tó ṣí bodè sílẹ̀ fún ọ̀tá. Àwọn ọmọdé ti gbọ́ èyí kí wọ́n tó mọ orúkọ ọjọ́ tó wà nínú ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí ìlú tún kóra jọ, Balógun fi ìyà kan lélẹ̀ fún agbo-ilé Àkànó. Lọ́dọọdún, tí iṣu tuntun bá ti jáde, àwọn ni yóò máa ro yàrà náà yípo, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, títí ayé. Balógun kú. Òyìnbó dé, Òyìnbó lọ, wọ́n dìbò, ṣọ́jà gbàjọba, ìyà náà kò yẹ̀. Tí ọjọ́ bá pé, Àkíbù, àbúrò Olóyè, á lu agogo káàkiri, á ní, "Agbo-ilé Àkànó o, yàrà ń kí yín o," àwọn èèyàn á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọn kò gbọ́ ọ rí.

Zachariah Òkè wà lára àwọn tí wọ́n ń rín. Ará Ayétẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà kú nígbà tí Zachariah pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá rẹ̀, Salome, sì kó ẹrù rẹ̀ padà sí ilé bàbá tirẹ̀, agbo-ilé Àkànó. Ọdún mẹ́fà ni Zachariah fi lọ sí ilé-ìwé alẹ́ ní Igbó-Ọrà. Á ti oko dé, á wẹ ẹsẹ̀, á gun kẹ̀kẹ́ máìlì méje. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ náà já nígbà mọ́kànlélógún. Ẹ̀ẹ̀mẹta nínú rẹ̀ jẹ́ nínú òjò, ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí o bá bi í, á dá ọ lóhùn pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù rẹ̀. Nígbà tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀, ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, ó sì ti ṣe akọ̀wé onígbà-díẹ̀ ní káńsù fún ọdún mẹ́rin àti oṣù méje.

Olóyè ránṣẹ́ pè é.

"Akọ̀wé, ìwọ lo máa kọ ìwé Balógun."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n àwọn tíṣà wà nílùú tó mọ̀wé jù mí lọ."

"Tíṣà kì í ṣe ọmọ Àkànó." Olóyè rọra fẹ̀yìn ti àga. "Tí ẹlòmíràn bá kọ ọ́ pé Àkànó ló ta ìlú, ẹnì kan lè ní ọ̀tá ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí ọmọ Àkànó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, tó buwọ́ lù ú, ta ló kù tó máa jiyàn?"

"Òkú tó gbẹ́ sàréè ara rẹ̀," ni Àkíbù wí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Lẹ́tà tó sọ ẹ́ di òṣìṣẹ́ pátápátá wà lórí tábìlì mi láti ọdún tó kọjá," ni Olóyè wí. "Kò sí ohun tó ṣe é. Ó kàn ń dúró de ìwé Balógun ni, kí àwọn méjèèjì lè jọ jáde."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Zachariah wí. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ jù lọ láyé nìyẹn.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú igbá. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Màmá kò dáwọ́ dúró.

"Àjàní," ni ó wí, oríkì rẹ̀ ló fi ń pè é, "tí wọ́n bá ń fẹnu sọ ọ́, ẹnu lè rẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ kan. Tó bá wọ inú ìwé, kò lè rẹ ìwé. Wọ́n á kà á nílé-ìwé náà. Àwọn ọmọ rẹ á dìde dúró ní kíláàsì, wọ́n á fi ohùn òkè ka ẹ̀gàn ara wọn, tí wọ́n bá sì kà á dáadáa, tíṣà á ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn."

"Kí ni mo lè ṣe, Màmá? Tí mi ò bá kọ ọ́, ẹlòmíràn á kọ ọ́. Èmi á sì pàdánù iṣẹ́."

"Mi ò mọ̀. Èmi kọ́ ni mo lọ sílé-ìwé alẹ́."

Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ni Olóyè fi sọ ìgbésí ayé Balógun. Zachariah á gbé taipuráítà káńsù sórí tábìlì ní pálọ̀ Olóyè, Olóyè á di ojú, Àkíbù á jókòó láti máa sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n bí Balógun pẹ̀lú irun dàda lórí. Kò ké nígbà tí wọ́n bí i, ṣe ló wo òrùlé, ó rí i pé wọn kò kọ́ ọ dáadáa. Ní ọmọ ọdún méje, ó fi okùn igbó ta afárá sórí odò Ọ̀fìkì, ó sì kó ewúrẹ́ bàbá rẹ̀ mẹ́rìnlá kọjá.

"Ṣé gbogbo wọn ló kọjá, Bàbá?"

Olóyè la ojú kan. "Méjìlá kọjá. Méjì tó kù kò gbọ́ràn."

"Kí n kọ méjìlá?"

"Kọ méjìlá. Ewúrẹ́ méjìlá náà kì í ṣe kékeré."

Ní ọmọ ogún ọdún, ó ja Ogun Ẹ̀pà, èyí tó bẹ́ sílẹ̀ nítorí àpò ẹ̀pà kan, tó sì parí nígbà tí ẹ̀pà náà tán. Lẹ́yìn náà ló ja Ogun Ọ̀sán Gangan. Nínú ogun yìí, ọ̀tá kò wá, Balógun sì fi ìgboyà dúró dè wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ti yàrà, ojú lásán ló fi wọ̀n ọ́n, kò lo okùn, kò lo igi. Ó dúró ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, ó nawọ́ síwájú, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn."

"Má gbàgbé oko àgbàdo," ni Olóyè wí. "Kọ ọ́ pé oko àgbàdo Balógun bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó lọ títí dé etí yàrà. Kò sí ẹni tó ní irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìbàràpá. Ní ọdún tó wa yàrà gan-an, ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá ọmọ àgbàdo ló kórè, láàárín ogun."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Àkíbù wí.

"Níbo ni Balógun wà lọ́jọ́ tí ìlú fọ́, Bàbá?"

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo, sà?"

"Iṣẹ́ ogun, iṣẹ́ wo ló tún kù? Ó jáde lọ wo ojú ọ̀nà. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ pé: Nígbà náà ni Àkànó, ọ̀dàlẹ̀, ẹni tí ilẹ̀ kò ní gbà lálejò, ṣí bodè sílẹ̀ fún ọ̀tá."

Ìka Zachariah dúró lókè ẹ̀rọ náà.

"Ṣé ẹ̀rọ ti há ni?"

"Rárá, sà." Ó tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí dé àmì ìdánudúró.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́tà dé láti Ìbàdàn. Nínú ìwé tí Olóyè ti kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́, ó ti pe Balógun ní ẹnjiníà ogun àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ṣọ́jà. Ọ̀gá kan lára àwọn ṣọ́jà tó ń kọ́ afárá, Méjọ̀ Ọlálékan, yóò wá fojú rí iṣẹ́ náà, wọn yóò sì ka ìwé ìgbésí ayé Balógun sétí rẹ̀ níbẹ̀. Tó bá gba tirẹ̀, ó parí. Inú Olóyè dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi dìde dúró nígbà tó ń fetí sí lẹ́tà náà.

"Ẹnjiníà ń bọ̀ wá kí ẹnjiníà," ni ó wí. "Akọ̀wé, irú àwọn èèyàn yìí, òǹkà ni wọ́n ń jẹ. Lọ wọn yàrà náà. Bó ṣe jìn tó, bó ṣe fẹ̀ tó, bí odi ṣe ga tó, ibi tí ohun gbogbo wà. Má fi ẹyọ kan sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni kí o kọ, mo fẹ́ kí ẹnu yà á."

"Gbogbo rẹ̀, Bàbá?"

"Ṣé mo ń sọ èdè míràn ni? Gbogbo rẹ̀."

Zachariah yá téèpù lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì, ó sì bẹ ìyá rẹ̀ pé kó bá òun di etí kan rẹ̀ mú. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ yàrà náà tó o. Ọmọ ọdún méjìlá ló wà nígbà tó kọ́kọ́ mú ọkọ́ wọ ibẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn ọdún tó lò nílé ọkọ, kò sí ọdún tí kò ro ó. Ó mọ ibi tí òkúta wà, ó mọ ibi tí ejò máa ń sá sí, ó mọ ibi tí ìyá tirẹ̀ ṣubú sí tí kò fi rìn dáadáa mọ́ títí tó fi kú.

Òwúrọ̀ ni wọ́n lọ. Zachariah sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, ó wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá ní jíjìn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún ní fífẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó gòkè odi lọ: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Ó dúró lórí odi náà, ó ń nu ojú, ó wo iwájú rẹ̀. Ilé Olóyè ló ń wò. Ó rí ẹ̀yìnkùlé, ó rí aṣọ tí wọ́n sá, ó rí àkùkọ kan tó ń tú ààtàn. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wo kòtò tó wà láàárín òun àti ìlú.

"Màmá," ni ó wí, "ìta ni mo wà."

"Ìta lo wà."

"Orí odi ni mo dúró sí, ìta ni mo sì wà."

Ẹni tó bá ń wa yàrà ogun, ìhà ìlú ló ń kó iyẹ̀pẹ̀ sí. Ọ̀tá á kọ́kọ́ já sínú kòtò, odi á wá dúró lókè orí rẹ̀, ará ìlú á sì ti ẹ̀yìn odi máa yìnbọn lù ú. Àgbẹ̀ tó bá ń gbẹ́ ojú àgbàrá yí ilé rẹ̀ ká mọ èyí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí òjò rí mọ̀ ọ́n. Balógun Dàda kó iyẹ̀pẹ̀ tirẹ̀ síta. Ó mọ òkè fún ọ̀tá, ó fi kòtò ṣọ́ ọ fún un. Àádọ́rùn-ún ọdún ni ìlú fi ń kọjá níbẹ̀ lọ sóko. Gbogbo wọn ló ti rí i. Kò sí ẹni tó wò ó.

"Ẹ ti mọ̀ tipẹ́," ni Zachariah wí.

"Ẹni tó ń gbá ilé ló ń mọ ibi tí ilẹ̀ ti dagun," ni Màmá wí. "Bàbá mi sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí wọ́n ń wà á, Balógun ní ẹni tó bá da iyẹ̀pẹ̀ sínú àgbàdo òun, òun á gé e lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n dà á síta yípo ìlú. Nígbà tí ogun dé, ọ̀tá gun orí ibi tí o dúró sí yìí, wọ́n ń yìnbọn sínú ilé bí ẹni ń da àgbàdo fún adìyẹ. Ìyẹn ni Àkànó rí tó fi lọ ṣí bodè kejì, ti ìhà odò, kí obìnrin àti ọmọdé lè rí ibi sá gbà. Wọ́n sá. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Èyí ti lọ ní àádọ́rùn-ún ọdún, Àjàní. Ó ti ra kẹ̀kẹ́." Ó ká téèpù lọ́wọ́ rẹ̀. "Kọ nọ́ńbà rẹ."

Zachariah kọ ọ́. Ó tẹ ọ̀rọ̀ Olóyè bí Olóyè ṣe sọ ọ́, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ téèpù bí téèpù ṣe sọ ọ́. Ó ronú títí lórí ìlà kan ṣoṣo, èyí tó sọ ìhà tí odi wà. Ó lè yọ ọ́. Kò sí ẹni tó máa mọ̀, lẹ́tà tó wà lórí tábìlì á jáde, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ó rántí pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní kí òun kọ. Ó fi í sílẹ̀. Nígbà tó ka gbogbo ìwé náà fún Olóyè, ìlà yẹn kọjá láàárín àwọn ẹsẹ̀ bàtà bí ẹni tó wọ fìlà kọjá láàárín àwùjọ. Olóyè mi orí.

"Nọ́ńbà náà pọ̀," ni ó wí. "Ó wù mí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Àkíbù wí.

Méjọ̀ náà dé ní ọjọ́ Tọ́sìdeè kan nínú oṣù kẹfà, nínú ọkọ̀ landiróófà, pẹ̀lú ṣọ́jà méjì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọ Yorùbá, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ti to àga sí etí yàrà lẹ́yìn ilé Olóyè. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, Àkíbù ti lu agogo: agbo-ilé Àkànó yóò ro yàrà ṣíwájú ọjọ́ rẹ̀, nítorí àlejò. Iṣẹ́ náà kò tíì parí nígbà tí landiróófà dé. Olóyè ní kí àwọn obìnrin tó wà nínú kòtò má jáde, kí wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àlejò kò ní rí wọn.

Zachariah dìde, ó kàwé. Ó ka irun, ó ka afárá, ó ka ewúrẹ́ méjìlá. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún Ogun Ẹ̀pà. Ó ka oko àgbàdo tó dé etí yàrà. Ó wá ka ti yàrà: "Jíjìn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún, odi rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ìhà ìta yàrà ni Balógun sì kó o sí, yípo ìlú láìku ibì kan."

Méjọ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Akọ̀wé, tún ìlà yẹn kà."

Ó tún un kà.

Méjọ̀ dìde, ó lọ sí etí kòtò. "Ìlú dà?" ni ó bèèrè. Gbogbo èèyàn nawọ́ sẹ́yìn ara wọn. "Ọ̀tá ńkọ́, ibo ni wọ́n ti wá?" Wọ́n nawọ́ síwájú, sí ìhà oko. "Odi ńkọ́?" Kò sí ẹni tó nawọ́.

Ó sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, ó kí àwọn obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́, wọ́n ní adúpẹ́, ó sì gun odi lọ́hùn-ún. Ó dúró sórí rẹ̀, ó wo ìlú.

"Mo ń rí obìnrin kan lẹ́yìn ilé yìí," ni ó wí. "Ó ń se ìrẹsì. Ó ti mú ẹran kan báyìí, ó ti fi sẹ́nu."

Gbogbo èèyàn yíjú. Ìyàwó Olóyè gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu.

"Láti ibí yìí," ni Méjọ̀ wí, "tí mo bá ní ìbọn ṣakabùlà kan, mi ò lè tàsé ìkòkò yẹn. Olóyè, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi."

Olóyè tún agbádá rẹ̀ ká. "Ọgbọ́n ogun ni, sà. Tí ọ̀tá bá ń bọ̀, á kọ́kọ́ gun òkè. Kó tó dé inú kòtò, á ti rẹ̀ ẹ́."

"Tó bá rẹ̀ ẹ́, á jókòó. Tó bá jókòó síbí, á máa wo inú yàrá yín. Àwa náà máa ń ṣe irú èyí, Olóyè. Ibi tí a bá ti ń há ẹlẹ́wọ̀n mọ́ la ti ń ṣe é, kí ẹni tó wà nínú má baà jáde."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn àga. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rín náà wá ń gbà láti àga sí àga, àwọn àgbà ń fi ọwọ́ bo ẹnu, àwọn ọmọdé kò bo tiwọn.

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀," ni Méjọ̀ wí, "ni pé, pẹ̀lú irú iṣẹ́ báyìí, báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe jáde láàyè nínú ìlú yìí?"

Ohùn kan wá láti inú kòtò.

"Àkànó ló ṣí bodè fún wọn, sà."

Salome ti nàró. Iyẹ̀pẹ̀ wà lórí gèlè rẹ̀, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fún ọ̀tá ló ṣí i!" ni Olóyè wí.

"Ọ̀tá ti wà lókè odi, Bàbá Olóyè. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi bodè ṣe?" Kò gbé ohùn sókè. "Bodè ìhà odò ló ṣí. Ìyá ìyá mi gba ibẹ̀ jáde. Ìyá ńlá gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí gba ibẹ̀ jáde, àfi ẹni tó bá lè sọ ibòmíràn tí tirẹ̀ gbà. Ìyàwó Balógun náà gba ibẹ̀ jáde, ó pọn bàbá tó bí yín sẹ́yìn. Tí Àkànó kò bá ṣí i, ta ni ì bá jókòó lórí àga yẹn lónìí?"

Olóyè wo àga rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀.

"Balógun fúnra rẹ̀ ńkọ́, Màmá?" ni Méjọ̀ bèèrè.

"Wọ́n ní ó jáde lọ wo ojú ọ̀nà, sà, láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n rí i ní Ìgàngàn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Ó ti kọ igba ebè."

"Igba ebè láàárín ọjọ́ mẹ́fà." Méjọ̀ ronú díẹ̀. "Ìyẹn, iṣẹ́ gidi ni." Ó yíjú sí Zachariah. "Akọ̀wé, kí ló kù nínú ìwé náà?"

Zachariah wo ojú ewé tó kàn. Àkànó, ọ̀dàlẹ̀, ẹni tí ilẹ̀ kò ní gbà lálejò. Ó wo ìyá rẹ̀ nínú kòtò. Ó ṣẹ́ ìwé náà po sí méjì.

"Kò kù mọ́, sà," ni ó wí. "Ó parí síbẹ̀."

Àkíbù la ẹnu láti sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀, ó rí ojú Olóyè, ó pa á dé.

Méjọ̀ jẹ ìrẹsì, ó dúpẹ́, ó lọ. Kò ṣe ìlérí kankan. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé-ìwé náà tán, orúkọ odò tó wà nítòsí ni wọ́n fi pè é; odò kò kọ ìwé, kò sì ní ẹbí. Kò sí ẹni tó wá tọrọ àforíjì ní agbo-ilé Àkànó. Ní ìparí oṣù yẹn, káńsù sọ fún Zachariah pé wọn kò nílò akọ̀wé onígbà-díẹ̀ mọ́, wọ́n sì gba taipuráítà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́sàn-án. Ó wá iṣẹ́ fún oṣù márùn-ún, ó lọ sí ọ́fíìsì mọ́kàndínlógún, kí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Èrúwà tó gbà á láti máa tẹ ìwé ìkésíni ìgbéyàwó.

Nígbà tí ọdún yípo, tí iṣu tuntun jáde, agbo-ilé Àkànó pọ́n ọkọ́ wọn, wọ́n ń retí agogo. Ọjọ́ kìíní, agogo kò dún. Ọjọ́ kejì, kò dún. Ní ọjọ́ kẹta, Salome rán ọmọ lọ bi Àkíbù bóyá agogo ti fọ́ ni.

Àkíbù fúnra rẹ̀ wá. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

"Olóyè ní kí ẹ fi yàrà sílẹ̀ lọ́dún yìí," ni ó wí.

"Ọdún yìí nìkan ni?"

"Wọ́n ní ọdún yìí àti àwọn tó ń bọ̀. Wọ́n ní kó di igbó." Ó họ ọrùn. "Àwọn àlejò ń yà wò ó, Màmá Zachariah. Àwọn awakọ̀ pàápàá. Wọ́n á gun orí odi, wọ́n á máa wo ilé wa, wọ́n á máa bèèrè ohun tí a sè."

Ní ọjọ́ Sátidé, Zachariah ti Èrúwà wálé, ìyá rẹ̀ sì ní kí àwọn lọ wo yàrà. Koríko ti dé èjìká nínú kòtò náà. Okùn igbó ti ń gun odi láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lọ́dún méjì sí i, kò ní sí ẹni tó máa mọ ìhà ibi tí iyẹ̀pẹ̀ wà.

"Àádọ́rùn-ún ọdún la fi ro ó kí gbogbo èèyàn lè rí i," ni Màmá wí. "Wọ́n wò ó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ní kí igbó bò ó."

Ó rìn lọ síwájú díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan koríko kan létí kòtò, ó fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, bó ṣe máa ń ṣe láti ọmọ ọdún méjìlá. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀. Ó wò ó lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka gbẹ́ ihò kékeré, ó tún un gbìn síbẹ̀, ó sì tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dáadáa.